OLGA, OPÓ ÌLÚ KIEV: APÀNÌYÀN NI TÀBÍ ẸNI MÍMỌ́?

Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 25:23–35, Róòmù 12:17–21, 2 Tímótíù 1:3–7
Àkọ́sórí: Róòmù 12:21
Èrèdí ẹ̀kọ́: Kí a lè rí i pé oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀, àti pé oore-ọ̀fẹ́ náà kò sọ ẹ̀san gbígbà di ohun rere.

ÌFÁÀRÀ

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin arábìnrin ọ̀wọ́n nínú Olúwa, àwọn obìnrin inú Bíbélì ni a sábà máa ń gbé yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ wa. Ní ìgbà yìí, a fẹ́ wo obìnrin kan tí kò sí nínú Bíbélì, ṣùgbọ́n tí ìjọ Ọlọ́run ní ìlà-oòrùn Yúróòpù kò lè sọ ìtàn ara rẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀. Olga ni orúkọ rẹ̀. Ó di ìjọba mú ní ìlú Kiev lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Kiev wà létí odò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Dnieper. Òun ni olú-ìlú orílẹ̀-èdè Ukraine lóde òní. Ní ayé Olga, kò tí ì sí orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Rọ́ṣíà tàbí Ukraine. Rus ni wọ́n ń pe ìjọba náà, láti ibẹ̀ sì ni àwọn ará Rọ́ṣíà, Ukraine àti Belarus ti ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn wọn. Ìdí nìyí tí gbogbo wọn fi ń pe Olga ní ìyá àwọn.

Ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ka Olga mọ́ àwọn ẹni mímọ́. Wọ́n tilẹ̀ fún un ní oyè kan tó ga púpọ̀, pé ó bá àwọn àpọ́sítélì dọ́gba. Ṣùgbọ́n ìwé ìtàn kan náà tó yìn ín fún ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló sọ pé ó sin ènìyàn láàyè, pé ó sun àwọn mìíràn mọ́lé, pé ó sì dáná sun odidi ìlú. Báwo ni a ṣe máa sọ̀rọ̀ nípa irú obìnrin bẹ́ẹ̀? Ṣé kí a bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, tàbí kí a sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kì í ṣe òtítọ́? Ìbéèrè yìí kan àwa náà, nítorí kò sí ẹgbẹ́ obìnrin tí kò ní ẹni tí wọ́n dùn lọ́kàn rí, kò sì sí èyí tí kò ní ẹni tí ìgbé ayé rẹ̀ àtijọ́ kì í tán lẹ́nu àwọn ènìyàn.

1. IKÚ ỌKỌ RẸ̀

Igor ni ọkọ Olga. Iṣẹ́ ọba ní ayé ìgbà náà ni láti máa kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ káàkiri láti gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 945, Igor lọ sọ́dọ̀ àwọn Drevlian, ẹ̀yà kan tí ń gbé inú igbó ní ìwọ̀-oòrùn Kiev. Ó gba ìṣákọ́lẹ̀ tán, ó ń padà bọ̀ nílé, ló bá tún rò ó pé ohun tí òun gbà kò tó. Ó ní kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ máa lọ sílé, òun àti àwọn díẹ̀ sì padà lọ gbà sí i. Àwọn Drevlian rò ó láàárín ara wọn pé bí àwọn kò bá pa ìkookò tó ti mọ ọ̀nà agbo àgùntàn, yóò jẹ agbo tán. Wọ́n bá pa á. Leo, òpìtàn ará Gíríkì kan, kọ ọ́ pé ńṣe ni wọ́n so ó mọ́ igi tí wọ́n sì fà á ya sí méjì.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ojúkòkòrò Igor wà nínú ọ̀ràn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ìyà ojúkòkòrò náà wá jẹ? Opó rẹ̀ ni, àti ọmọkùnrin wọn kékeré tó ń jẹ́ Sviatoslav, tí kò tí ì lè ju ọ̀kọ̀ kọjá orí ẹṣin.

Kí omijé rẹ̀ tó gbẹ, àwọn Drevlian ránṣẹ́ sí i pé kó wá fẹ́ Mal, olórí àwọn. Àwa tí a mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣú opó nílẹ̀ wa yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ṣú opó ọba ló ń nawọ́ sí ìjọba rẹ̀, tí ọmọ ọba yóò sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àbúrò ọkọ ló fẹ́ ṣú opó yìí. Olórí àwọn tó pa ọkọ ni.

2. Ẹ̀SAN NÍ Ẹ̀Ẹ̀MẸRIN

Ìwé ìtàn náà sọ pé Olga kò sunkún lójú wọn. Ó fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ó tu itọ́ funfun jáde. Ó sọ fún àwọn ońṣẹ́ náà pé ọ̀rọ̀ wọn dùn mọ́ òun, nítorí òun kò lè jí ọkọ òun dìde mọ́. Ó ní kí wọ́n padà sínú ọkọ̀ ojú omi wọn, pé lọ́jọ́ kejì àwọn ará Kiev yóò gbé wọn tọkọ̀tọkọ̀ wá sí ààfin pẹ̀lú ọlá. Ogún ọkùnrin ni wọ́n. Inú wọn ń dùn bí wọ́n ti ń gbé wọn bọ̀, láìmọ̀ pé Olga ti ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá sínú ọgbà ààfin. Wọ́n ju wọ́n sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ wọn, wọ́n sì bò wọ́n mọ́lẹ̀ láàyè.

Lẹ́yìn èyí, ó ránṣẹ́ pé kí àwọn Drevlian rán àwọn ènìyàn ńlá wọn wá mú ìyàwó. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ṣe ilé ìwẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn níbẹ̀, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Lẹ́yìn náà, Olga fúnra rẹ̀ lọ sí Iskorosten, ìlú àwọn Drevlian, ó ní òun fẹ́ ṣe àsè ìsìnkú ọkọ òun. Nígbà tí ọtí ti pa àwọn ará ìlú náà, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ dìde sí wọn. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún (5,000) ni ìwé náà sọ pé wọ́n pa.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù. Olga dó ti Iskorosten fún ọdún kan, kò rí i gbà. Ló bá ránṣẹ́ sí wọn pé òun kò fẹ́ ẹ̀san mọ́, pé ìṣákọ́lẹ̀ kékeré ni kí wọ́n fún òun: ẹyẹlé mẹ́ta àti ológoṣẹ́ mẹ́ta láti ilé kọ̀ọ̀kan. Inú wọn dùn, wọ́n kó ẹyẹ wá. Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ogun Olga so ohun tó ń jó mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì jù wọ́n sílẹ̀. Oníkálukú fò padà sílé rẹ̀, sábẹ́ òrùlé. Ìlú náà gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó sá jáde, wọ́n pa òmíràn, wọ́n kó òmíràn lẹ́rú.

3. ṢÉ ÒTÍTỌ́ NI GBOGBO RẸ̀?

Àwọn onímọ̀ ti jiyàn lórí ìtàn yìí tipẹ́, ó sì tọ́ kí a mọ ìdí rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ìwé ìtàn tó sọ ọ́ ní kíkún, ní nǹkan bí ọdún 1113 ni àwọn mọ́ńkì kó o jọ ní Kiev. Ó lé ní àádọ́jọ (150) ọdún lẹ́yìn ikú Igor. Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni púpọ̀ nínú ohun tó dé ọwọ́ àwọn mọ́ńkì náà.

Ohun kejì ni pé wọ́n sọ ìtàn ẹyẹ oníná nípa àwọn mìíràn pẹ̀lú. Àwọn ará àríwá Yúróòpù sọ ọ́ nípa Harald, tó padà di ọba Norway, pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe gba ìlú kan ní erékùṣù Sísílì. Àwa tí a ń ka Bíbélì náà rántí Sámúsónì àti ọ̀ọ́dúnrún (300) kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí ó so iná mọ́ ìrù wọn nínú Àwọn Onídàájọ́ orí kẹẹ̀ẹ́dógún.

Ohun kẹta ni pé ọkọ̀ ojú omi, iná àti àsè jẹ́ ara ohun tí àwọn kèfèrí Rus fi ń sin òkú àwọn ènìyàn ńlá wọn. Ó jọ pé ẹni tó tún ìtàn náà sọ ń fi hàn pé òkú ara wọn ni àwọn Drevlian ń sin láìmọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a yára sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìlú Iskorosten ṣì wà ní Ukraine, Korosten ni wọ́n ń pè é nísinsìnyí, àwọn tó ń walẹ̀ wá ohun àtijọ́ sì ti rí àmì iná níbẹ̀. Kò sí àní-àní pé ogun ṣẹlẹ̀, pé wọ́n sì tẹ àwọn Drevlian lórí ba pátápátá. Ohun kan sì tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: àwọn Drevlian kò kọ ìwé kankan sílẹ̀. Àwọn tó ṣẹ́gun nìkan la gbọ́ tẹnu wọn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí ẹ bá ń ka ìtàn yìí, ẹ rántí pé àwọn ìyá àti ọmọ wà nínú àwọn ilé tí àwọn ẹyẹ náà padà sí, tí wọn kò mọ ohunkóhun nípa ikú Igor.

4. ÌJỌBA RẸ̀ ÀTI ÌRÌBỌMI RẸ̀

Lẹ́yìn ogun náà, Olga ṣe ohun kan tí kò gbajúmọ̀ tó ìtàn ẹyẹ, ṣùgbọ́n tó ṣe ìjọba náà láǹfààní jù ú lọ. Ó rìn káàkiri ilẹ̀ náà, ní 947 ó dé ìhà Novgorod ní àríwá, ó ń yan ibi tí wọn yóò ti máa san ìṣákọ́lẹ̀ àti iye tí wọn yóò máa san. Láti ìgbà náà lọ, kò yẹ kí ọba kankan tún padà lọ gba ohun tí ó ti gbà tẹ́lẹ̀. Àṣìṣe tó pa ọkọ rẹ̀ ni ó tún ṣe. Ó di ìjọba mú fún Sviatoslav títí ó fi dàgbà, nígbà tí Sviatoslav sì ń jagun káàkiri, ìyá rẹ̀ ló ń mójú tó ilé.

Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Kọnstantinópù, olú-ìlú àwọn Kristẹni Gíríkì, èyí tí à ń pè ní Istanbul lónìí ní ilẹ̀ Tọ́kì. Olú-ọba Constantine Keje, tó gbà á lálejò, kọ ìwé tó sọ bí wọ́n ṣe ṣe é lálejò: bí ó ṣe kó àwọn obìnrin rẹ̀ wọlé, bí ó ṣe jókòó níbi tábìlì ìyàwó olú-ọba, bí wọ́n ṣe fún un ní àwo wúrà tí owó fàdákà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta (500) wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ ìrìbọmi. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Gregory ló wà nínú àwọn tó tẹ̀lé e. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń jiyàn bóyá 946 ni ó lọ tàbí 957, àti bóyá Kiev ni ó ti ṣe ìrìbọmi tàbí Kọnstantinópù. Ìwé ìtàn Kiev sọ pé ọdún 955 ni, ní Kọnstantinópù. Ìwé ìtàn Jámánì kan náà sọ pé Kọnstantinópù ni. Pé ó ṣe ìrìbọmi kò ní iyèméjì, ó sì gba orúkọ Helena.

Ìwé Kiev fi kún un pé olú-ọba fẹ́ fẹ́ ẹ, Olga sì ní kó kọ́kọ́ ṣe baba ìsàmì fún òun. Nígbà tó ṣe é tán, ó ní baba kò lè fẹ́ ọmọ rẹ̀. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ìyàwó Constantine wà láàyè nígbà náà, òun gan-an sì ni Olga bá jókòó nídìí tábìlì.

Ní 959, Olga ránṣẹ́ sí Otto, ọba Jámánì, pé kó fún òun ní bíṣọ́ọ̀bù. Adalbert ni wọ́n rán. Ó dé ní 961, ó sì padà ní 962, nítorí kò rí àyè ṣiṣẹ́. Àwọn kan sọ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni gbogbo èyí, pé ó ń wá ẹni tí yóò fún ìjọba rẹ̀ láǹfààní jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń wá àǹfààní nìkan kì bá tí rọ̀ mọ́ ìgbàgbọ́ kan tí ọmọ rẹ̀ àti gbogbo àwọn ọmọ ogun ọmọ rẹ̀ ń fi ṣe ẹlẹ́yà.

5. ỌMỌ TÓ KỌ̀, ỌMỌ-ỌMỌ TÓ GBÀ

Olga rọ Sviatoslav lọ́pọ̀ ìgbà pé kó wá gba Kristi. Èsì rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ogun òun yóò fi òun rẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn, inú a máa bí i sí ìyá rẹ̀. Olga kò fipá mú un. Àdúrà ló ń gbà fún un àti fún àwọn ènìyàn rẹ̀, lọ́sàn-án àti lóru.

Ní 968, nígbà tí Sviatoslav wà lọ́nà jíjìn létí odò Danube, àwọn Pecheneg dó ti Kiev. Olga, tó ti darúgbó, wà nínú ìlú pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mẹ́ta: Yaropolk, Oleg àti Vladimir. Ebi àti òùngbẹ fẹ́ pa wọ́n kí ìrànlọ́wọ́ tó dé. Nígbà tí Sviatoslav padà wálé, ó ní òun tún fẹ́ lọ máa gbé ní ẹ̀bá Danube. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó wo àìsàn tó ń ṣe òun, kó sin òun ná, kó tó lọ sí ibi tó bá wù ú. Kò pẹ́ tó fi kú, ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 969. Ó ti pàṣẹ pé wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe àsè ìsìnkú kèfèrí fún òun, àlùfáà ni kó sin òun. Obìnrin tó fi àsè òkú pa ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn ní kí wọ́n má ṣe àsè lórí òkú òun! Ẹ wo ìyípadà.

Lójú ènìyàn, iṣẹ́ rẹ̀ já sí asán. Ọmọ rẹ̀ kú ní kèfèrí lójú ogun ní 972. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá ara wọn jà. Vladimir pa Yaropolk ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé òrìṣà kalẹ̀ ní Kiev, ó kó ìyàwó jọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Vladimir ń ṣe àṣàrò nípa ìgbàgbọ́ àwọn Gíríkì, ìwé ìtàn sọ pé àwọn àgbà ìlú rán an létí pé bí ìgbàgbọ́ náà kò bá dára, Olga ìyá-ńlá rẹ̀, tó gbọ́n ju gbogbo ènìyàn lọ, kì bá tí gbà á. Ní 988, Vladimir ṣe ìrìbọmi, gbogbo Rus sì tẹ̀lé e. Ìyá-ńlá náà ti kú ní ọdún mọ́kàndínlógún ṣáájú.

6. KÍ NI KÍ A SỌ NÍPA RẸ̀?

Ọ̀rọ̀ Olga kò tí ì tán títí dòní. Wọ́n gbé ère rẹ̀ dúró ní Kiev ní 1911. Ìjọba Kọ́múníìsì wó o. Wọ́n tún un gbé dúró ní 1996. Ní 2022 tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine, àwọn tó ń pe obìnrin kan náà ní ìyá ń pa ara wọn. Ó fi hàn pé orúkọ ìyá ẹni mímọ́ nìkan kò lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró.

Àwa Mẹ́tọ́díìsì kì í gbàdúrà sí àwọn ẹni mímọ́, a kò sì gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ló ń sọ ọ́ di mímọ́. Oore-ọ̀fẹ́ ni. Nítorí náà, a lè sọ òtítọ́ méjèèjì nípa Olga láìbẹ̀rù. Ohun tó ṣe sí àwọn Drevlian burú. Bíbélì kò fi irú rẹ̀ pamọ́: nínú Jẹ́nẹ́sísì 34, Símíónì àti Léfì fi ẹ̀tàn pa àwọn ará Ṣékémù nítorí Dínà arábìnrin wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí Jákọ́bù ń kú lọ, ó fi ìbínú wọn bú (Jẹ́nẹ́sísì 49:5–7). Ìyà tó jẹ wọ́n jẹ́ òtítọ́. Ẹ̀san wọn kì í ṣe òdodo. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Olga.

Ṣùgbọ́n ohun tí Ọlọ́run ṣe fún un lẹ́yìn náà kì í ṣe irọ́. Pọ́ọ̀lù tó ń ṣọ́ aṣọ àwọn tó sọ Stéfánù lókùúta ni ó pe ara rẹ̀ ní olórí ẹlẹ́ṣẹ̀ tí ó rí àánú gbà (1 Tímótíù 1:12–16). Bí a bá gba ti Pọ́ọ̀lù gbọ́, a kò lè sé ilẹ̀kùn mọ́ Olga.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

(a) Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn opó wà láàárín wa tí àwọn ẹbí ọkọ kó ẹrù wọn lọ, tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé àwọn ló pa ọkọ. Ẹ̀dùn wọn tóbi, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wò ó. Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ dúró tì wọ́n, kí a sì bá wọn wá ẹ̀tọ́ wọn ní ọ̀nà òfin. Ṣùgbọ́n ẹ̀san yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́. Ẹ̀tọ́ ní ibi tí yóò dé tí yóò dúró. Ẹ̀san Olga bẹ̀rẹ̀ lórí ogún ọkùnrin, ó parí sí orí àwọn ọmọ ọwọ́.

(b) Ábígáílì ni àwòkọ́ṣe wa. Òun náà mọ ìyà ilé, nítorí aláìmòye ni Nábálì ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sáré lọ pàdé Dáfídì kó tó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó sì dá a dúró. Obìnrin tó dá ẹ̀jẹ̀ dúró kéré lójú àwọn akọ̀tàn, ó tóbi lójú Ọlọ́run.

(d) Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, má ṣe dákẹ́ àdúrà. Kì í ṣe gbogbo wa ni a ó rí ayọ̀ Loide, ìyá-ńlá Tímótíù, kí a tó kú. Ẹnìkan a fúnrúgbìn, ẹlòmíràn a kórè (Jòhánù 4:37). Olga kò rí 988.

(e) Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ẹnu wa lórí ìgbé ayé àtijọ́ àwọn arábìnrin wa. Bí Kristi bá ti wẹ ẹnìkan mọ́, kì í ṣe tiwa láti máa gbé omi ẹlẹ́gbin náà kiri ọjà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín wíwá ẹ̀tọ́ ẹni àti gbígba ẹ̀san? Ẹ fi àpẹẹrẹ inú ilé àti inú ìjọ ṣàlàyé.
2. Ṣé ó tọ́ kí ìjọ máa sọ ẹ̀ṣẹ̀ àwọn àgbà ìgbàgbọ́ nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn wọn? Kí nìdí?
3. Kí ni ẹgbẹ́ wa lè ṣe fún opó tí wọ́n fi ìyà jẹ, kí ìbínú má bàa jẹ́ ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún un?
4. Báwo ni a ṣe lè fa ọmọ tó ti dàgbà, tó kọ ìgbàgbọ́, mọ́ra láìfipá mú un?

ÀDÚRÀ

Olúwa Ọlọ́run wa, Ìwọ tí í gbèjà opó, a mú gbogbo ẹ̀dùn ọkàn wa tọ̀ Ọ́ wá. Gba ẹ̀san kúrò lọ́wọ́ wa, nítorí tìrẹ ni. Dárí ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀tàn tó wà nínú ìtàn wa jì wá. Bá wa dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ wa kò lè dé, kí irúgbìn tí a gbìn pẹ̀lú omijé má ṣe ṣègbé, ìbáà jẹ́ ẹ̀yìn wa ni yóò so. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.